Ẹyin Ìyá Ẹdẹ

Ràbíátù kì í ṣe ẹni tó ń pariwo lórí oúnjẹ. Tíṣà ni, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlódè, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì máa ń gba gbogbo ariwo ẹnu rẹ̀ tán kó tó délé. Bó bá se oúnjẹ, á gbé e kalẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ, kò ní dúró kí wọ́n yìn ín. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tú ká. Ameenah wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn, àbúrò rẹ̀ ń ṣe agùnbánirọ̀ lókè Ọya. Ó wá ku òun, Abdulmumin ọkọ rẹ̀, àti ìyá ọkọ rẹ̀ nínú ilé, pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó gba yàrá lẹ́yìnkùlé.

Sàdíátù ni orúkọ ìyá ọkọ yìí, àmọ́ Ìyá Ẹdẹ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí Ẹdẹ ni wọ́n ti gbé e níyàwó wá sí Ifẹ̀. Obìnrin tó kiri aṣọ títí ó fi ní ṣọ́ọ̀bù ni, tó dá ọmọ tọ́ lẹ́yìn ikú ọkọ, tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé báàgì. Ibà kan ló wá dá a dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e kúrò nílé ìwòsàn, ó ti rù hangogo. Dókítà ní kí wọ́n máa fún un ní ẹyin lójoojúmọ́, pé bí kò bá jẹun dáadáa, wọ́n á tún gbé e padà wá, ìgbà yẹn kò sì ní rọrùn bíi ti àkọ́kọ́.

Ràbíátù gba ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ó fẹ́ràn obìnrin náà, ká kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tún mọ̀ pé ọkọ òun ní àwọn ẹ̀gbọ́n lóbìnrin tó wà nílé ọkọ ní Ẹdẹ, wọ́n sì lẹ́nu. Bí ìyá bá kú lọ́wọ́ ìyàwó, wọn kò ní sọ pé ibà ni. Wọ́n á ní ìyàwó ni kò fún un lóúnjẹ.

Nítorí náà, bó bá ti ti ilé ìwé dé, á se ẹyin, á bó o, á gbé e lé orí ìrẹsì tàbí iṣu tí Ìyá Ẹdẹ fẹ́ jẹ. Àwo á padà wá ní òfìfo, Ràbíátù á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Síbẹ̀, ìyá kò sanra. Ìró ń yí i ká ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ sì ń fẹ́ bọ́ bó bá ń ṣe àlùwàlá. Ọ̀rọ̀ náà rú Ràbíátù lójú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló rí ibi tí ẹyin ń gbà lọ. Abdulmumin ti dé láti Ìpetumodù, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó sì ti yà sí yàrá ìyá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ràbíátù ń bọ̀ wá kó àwo. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti rí Ìyá Ẹdẹ tó ń tú áńkáṣíìfù kan lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹyin funfun wà nínú rẹ̀. Oríkì ọmọ rẹ̀ ló fi pè é. "Àjàní, gbà." Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, gba ẹyin, ó ń jẹ ẹ́, ó sì ń ròyìn ọ̀gá tuntun tí wọ́n gbé wá sí ọ́fíìsì wọn. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa Ràbíátù. Ẹ̀yìn náà ni inú wá bí i.

Ó dúró kí ọkọ rẹ̀ jáde kó tó bi í. Abdulmumin kò jiyàn. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, bàbá òun kì í jẹ́ kí ọmọdé fẹnu kan ẹyin nínú ilé, pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á ya olè. Ìyá òun á wá tọ́jú tirẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, á pe òun sí yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Ó ní àtìgbà yẹn ni, ṣé kí òun wá kọ ohun tó ti ọwọ́ ìyá òun wá ni?

"Ẹ̀mí Màmá lẹ ń jẹ yẹn," ni Ràbíátù wí.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kejì, ó gbìyànjú láti kọ̀. Ojú Ìyá Ẹdẹ fà ro, ó béèrè bóyá ó ti dàgbà kọjá ohun tí òun lè fún un. Kíá ni Abdulmumin gba ẹyin, ó jẹ ẹ́. Ràbíátù náà kò lè dúró ti ìyá ọkọ rẹ̀ lórí kó máa ṣọ́ ọ jẹun bí ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́. Ìyàwó wo ló jẹ́ dán an wò?

Ọ̀dọ̀ Fisáyọ̀mi ni ọgbọ́n ti wá. Ọmọbìnrin yìí ló gba yàrá ìkẹyìn lẹ́yìnkùlé, ó ti fẹ́ gboyè jáde, gáàsì rẹ̀ sì máa ń tán nígbà tí ìdánwò bá dé. Sátidé kan, ó wá dáná ní kíṣìnì Ràbíátù. Ó se ẹyin, ó bó o, ó wá ń fi fọ́ọ̀kì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni pé ẹyin náà ṣẹ̀ ẹ́. Ó fi máyónéèsì sí i, ó gé àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ sí i, ó fi iyọ̀ àti músítáàdì díẹ̀ tó ń ta ni nímú kún un, ó rò ó pọ̀, ó fi í sáàárín búrẹ́dì. Ó ní àwọn òyìnbó máa ń gé ewébẹ̀ kan tó ń dún lẹ́nu sí i, ṣùgbọ́n òun kì í rí i rà lọ́jà, kúkúmbà lòun ń lò. Ó gé búrẹ́dì náà sí méjì, ó fún Ràbíátù ní ọ̀kan. Ràbíátù ń jẹ ẹ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò sí lára adùn. Ohun tó ń rò ni pé kò sẹ́ni tó lè di ẹyin báyìí sínú áńkáṣíìfù.

Èyí tó kọ́kọ́ dá ṣe fúnra rẹ̀ bàjẹ́. Kò gbà pé oúnjẹ lè jẹ́ oúnjẹ láìsí ata rodo, ó bá lọ ata, ó dà á sí i. Gbogbo rẹ̀ pọ́n, ó ṣomi, búrẹ́dì rin gbingbin. Ìyá Ẹdẹ wò ó pẹ́, ó wá rọra béèrè bóyá búrẹ́dì náà jábọ́ sínú ọbẹ̀ ni. Nígbà tí Fisáyọ̀mi gbọ́, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní kí Ràbíátù fi ata sílẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí pupa ẹyin náà le lórí iná, kí wọ́n sọ ọ́ sínú omi tútù kí èèpo rẹ̀ lè ṣí, kí wọ́n má sì tẹ̀ ẹ́ kúnná jù. Kí wọ́n ṣe ìwọ̀n tí wọ́n á jẹ tán lọ́jọ́ yẹn, torí bí iná bá ti lọ, kọ́bọ́ọ̀dù lásán ni fíríìjì.

Èkejì dára. Ìyá Ẹdẹ ṣí búrẹ́dì náà, ó wo inú rẹ̀.

"Ìyá Ameenah, ẹyin mi dà?"

Ràbíátù ní ibẹ̀ ló wà. Ìyá gbé búrẹ́dì sókè, ó wo abẹ́ rẹ̀, ó tún wo abẹ́ àwo. Nígbà tí kò rí ohun tó ṣeé tọ́jú, ó jẹ ẹ́. Eyín rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́, oúnjẹ náà kò sì dà á láàmú rárá.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn nìyẹn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún díẹ̀díẹ̀, ó ń dá rìn dé ẹnu ọ̀nà láti kírun. Àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ wá láti Ẹdẹ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tùn-ún sósì, wọn kò rí ẹ̀sùn kankan fi kan ìyàwó, wọ́n wá yìn ín. Inú Ràbíátù dùn débi pé òun tí kì í dúró gba ìyìn dúró gba tiwọn lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ni búrẹ́dì bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Wọ́n á ti gé etí rẹ̀ jẹ, ìyókù á wà bó ṣe wà. Ràbíátù yọ músítáàdì kúrò, kò mú un dára. Ó dín àlùbọ́sà, ó pààrọ̀ búrẹ́dì, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ̀gbà ọwọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó ro ilé ìwòsàn, ó ro ẹnu àwọn ará Ẹdẹ. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ ìyá pé kó sọ ohun tí òun ṣe.

"O ò ṣe nǹkan kan," ni Ìyá Ẹdẹ wí. "Búrẹ́dì rẹ dùn. Àjàní ni kì í jókòó mọ́. Ẹyin yẹn ló máa ń mú un jókòó. Bó bá ń jẹ ẹ́, á máa sọ ti ibi iṣẹ́ fún mi. Ní báyìí, ẹnu ọ̀nà ló ti ń kí mi."

Òótọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni Ràbíátù ń rí ọkọ rẹ̀ tó ń na orí wọ yàrá ìyá, tó ń kí i, tó ń lọ jókòó ti fóònù rẹ̀ ní pálọ̀. Ó rí i, kò sì kà á sí nǹkan kan. Ẹyin nìkan ló rò pé òun ń dí ọ̀nà fún. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ó di ọwọ́ ìyá mú.

Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Lọ́jọ́ kejì, kí Abdulmumin tó dé, ó gbé tíréè kan sí yàrá Ìyá Ẹdẹ. Ẹyin sísè wà níbẹ̀ tòun ti èèpo, àti fọ́ọ̀kì, máyónéèsì, àlùbọ́sà tó ti gé, àti búrẹ́dì. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọlé, ó sọ fún un pé iṣẹ́ tí òun máa máàkì pọ̀, nítorí náà, láti òní lọ, kó máa ṣe oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ fún Màmá. Abdulmumin ní òun kò bó ẹyin rí láyé òun.

"Màmá á kọ́ yín," ni Ràbíátù wí. "Àga ti wà níbẹ̀."

Ẹyin àkọ́kọ́ tó bó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán sára èèpo. Ó tẹ èkejì, ó ta sí i láṣọ. Máyónéèsì tó dà sí i pọ̀ jù, búrẹ́dì sì wọ́ lápá kan, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹdẹ jẹ ẹ́ tán, ó tún lá ìka rẹ̀. Bó ṣe di ìṣe wọn nìyẹn. Ibi tó bá ti ń bó ẹyin ni ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì á ti máa jáde, ti ọ̀gá tuntun tí kò mọ ẹnikẹ́ni, ti ọkọ̀ tó bàjẹ́ lọ́nà Ìpetumodù. Àwo kò tún padà wá pẹ̀lú búrẹ́dì mọ́.

Àmọ́ ọwọ́ ọkùnrin náà wá yá sí i. Ìrọ̀lẹ́ kan, Ràbíátù ń gbé aṣọ tó ti gbẹ kọjá níwájú yàrá. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń fi ẹyin gbá etí àwo, lẹ́ẹ̀kan náà ni èèpo ṣí, ó sì ti mú òmíràn. Ó wá gbọ́ ohùn ìyá ọkọ rẹ̀.

"Rọra bó o, Àjàní. Ebi ò tíì pa mí."

Lọ́jọ́ kejì, Ràbíátù fi kún iye ẹyin tó ń sè, kí ọkọ rẹ̀ lè pẹ́ sí i lórí àga.