Àmín Tí N Kò Ṣe

Nígbà tí mo pé ẹni àádọ́ta ọdún, mo pinnu pé n kò ní bẹ̀rẹ̀ nǹkan tuntun mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń fi irú ọjọ́ ìbí bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ eré sísá, wọ́n á sì máa pariwo rẹ̀ kiri. Èmi ti ṣe tèmi. Gìtá kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa tí mo fi mọ orin kan ààbọ̀. Kíláàsì èdè Súlù kọ́ mi bí a ṣe ń kí ènìyàn. Bí onítọ̀hún bá ti dáhùn báyìí, ọ̀rọ̀ mi parí. Ìwé tí mo fẹ́ kọ ní ojú ìwé ìdúpẹ́ tó dára gan-an. Kò tíì ní orí kìíní.

Ohun kan ṣoṣo ni mo gbà láti ṣe lọ́dún yẹn: kí n kọ́ ọmọbìnrin mi ní ọkọ̀ wíwà kó tó lọ sí yunifásítì ní Cape Town. Sátidé nìkan ni àwa méjèèjì máa ń ráyè, Sátidé tó kù kò sì pọ̀ mọ́. Tó bá ti lọ tán, ó di ẹni tí màá máa rí lójú fóònù.

Sátidé kan, bí a ti fẹ́ jáde nílé wa ní Bruma, ni bàbá alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa kan ilẹ̀kùn.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n wa!"

Bí bàbá bá pè mí ní arábìnrin, wọ́n wá kí mi ni. Bó bá ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Dìgírì kan ṣoṣo ni mo ní, n kò sì fi bẹ́ẹ̀ rántí ohun tó wà nínú rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ kí n ṣe alága ìgbìmọ̀ tí yóò yan ìgbìmọ̀ tí yóò mú àwọ̀ aṣọ akọrin. Gbogbo Sátidé ni ìpàdé.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ọwọ́ mi dí."

"Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ò dí? Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mú wa. Wọn kì í dúró gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n á fi àdúrà gbé iṣẹ́ náà lé ọ lórí, wàá ṣe àmín, ó parí. Ta ló máa gbọ́ àdúrà tí kò ní ṣe àmín? Bí mo ṣe di akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin nìyẹn.

"Olúwa yóò fún ọ̀jọ̀gbọ́n wa lágbára fún ipò alága yìí!"

Mo pa ẹnu mọ́. Bàbá la ojú kan. Wọ́n tún un gbà, wọ́n gbóhùn sókè, bí ẹni pé etí mi ló di. Àmín ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi. Mo gbé e mì bí oògùn. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wò mí.

"Ṣé kò sí o?" ni bàbá bi mí.

"Ẹ má bínú, bàbá, ẹ bá mi pààrọ̀ àdúrà yẹn. Ẹ ní kí ọmọ yìí mọ ọkọ̀ wà kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹ ó gbọ́ àmín."

Wọ́n wo ọmọ, wọ́n wò mí. "Ọ̀jọ̀gbọ́n olórí kunkun!" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. Wọ́n gba àdúrà náà ní ṣókí, mo sì ṣe àmín tó mú kí ajá ìsàlẹ̀ ilé gbó. Bí bàbá ti ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, mo gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù: "Ọ̀jọ̀gbọ́n wa! Ṣé ẹ wà nílé?"

Ní rọ́bọ́ọ̀tì àkọ́kọ́, bí wọ́n ṣe ń pe iná ojú pópó níbí, iná yí sí àwọ̀ ewé, ọkọ̀ kú mọ́ ọmọ mi lọ́wọ́. Takisí ẹ̀yìn wa ń tẹ fèrè bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

"Eish, Mọ́mì, ṣé kí n bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ gbà á?"

"Jókòó síbẹ̀. Tẹ kílọ́ọ̀ṣì. A ní gbogbo ọ̀sán."