Ọba Tí Kò Gbọdọ̀ Wàjà

Òórùn rọ́bà ló máa ń kọ́kọ́ wọ̀ mí nímú bí mo bá ti rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Inú gbọ̀ngàn abúlé wa, téèyàn bá kọjá Aduwawa nílẹ̀ Ẹdó tó sì wọ igbó, ni wọ́n máa ń kó rọ́bà sí kó gbẹ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ mọ bó ṣe ń rùn. A kó o síta, a gbálẹ̀, a wọ́n omi, òórùn ò lọ. Ta ló kàn? Àwọn eléré tíátà dé láti ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó ń fi eré jẹun gan-an. Bàbá mi ló lọ bẹ̀ wọ́n wá.

A kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Orí ilẹ̀ Odionwere, àgbàlagbà tó ń ṣe olórí abúlé, la kọ́lé sí, igi rọ́bà rẹ̀ ni bàbá mi sì ń gé jẹun. Bàbá máa ń sọ fún wa pé, "Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹ wo ẹsẹ̀ onílé kí ẹ tó gbé tiyín."

Ibi tí a ti ń to bẹ́ǹṣì ni obìnrin eléré kan ti ń fi ẹkún dánra wò: "Ọba wàjà o! Kábíyèsí wàjà o!" Ẹkún náà dùn létí mi, mo ń sín in jẹ. Àfi bí ìgbálẹ̀ ṣe bọ́ lọ́wọ́ Bàbá. Ó kọjú sí ọ̀gá eléré, ọkùnrin oníkùn ńlá kan.

"Ọ̀gá, ta ló wàjà?"

"Èmi ni. Èmi lọba. Ìyàwó mi á fún mi ní májèlé jẹ, màá sì ṣubú."

"Lójú Odionwere? Nílẹ̀ Ẹdó níbí, wọn kì í fi irú ẹ̀ ṣeré. Wọn kì í tiẹ̀ fẹnu kàn án."

"Ṣé mo ní ó kú ni? Wàjà la wí."

"Wọn ò gbọ́ wàjà. Wọ́n á ṣáà rí ọ tí o nà gbalaja."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Baba, bí ọba ò bá wàjà, kí ni kí ìyàwó mi máa sunkún lé lórí? Ibẹ̀ leré parí sí."

Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí. Kò gbà, kò kọ̀. Nígbà tí Ìyá mi gbọ́, ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí! O pè wọ́n, o ò bi wọ́n léèrè irú eré tí wọ́n máa ṣe?" Ó wọlé lọ di ẹrù wa. Ó dá a lójú pé wọ́n máa lé wa.

Nírọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn kún. Odionwere jókòó síwájú. Bàbá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọba jáde, ó jókòó, Olorì, obìnrin tó ń fi ẹkún dánra wò láàárọ̀, gbé iyán onímájèlé fún un, ó jẹ ẹ́ tán, èrò ń rẹ́rìn-ín. Ó di inú mú. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Ẹ̀rín dúró. Bàbá àgbà kan lára àwọn onílé gbá ọwọ́ àga mú, ó fẹ́ dìde.

Ọba ṣubú, gbì!

Olorì lanu, ẹkún ò jáde. Ìgbà náà la gbọ́ ọ láti ilẹ̀: ọba ń hanrun! Ó hanrun títí ikùn ńlá yẹn fi ń gbọ̀n.

Ojú Olorì là. Ó mú abẹ̀bẹ̀, ó ń fẹ́ ọkọ rẹ̀: "Kábíyèsí! Ẹ ò tiẹ̀ tíì fọwọ́!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Odionwere nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí èrò túká, ó ṣì jókòó. Bàbá lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀. Àgbàlagbà náà wò ó, ó wá fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ lẹ́nu wa sọ pé, "Ọba yín, ó sùn dáadáa. Kó máa sùn bẹ́ẹ̀."

Ìyá tú ẹrù.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà, adé orí ọba ló ń wò, ó sì rò pé ẹ̀rín lásán la rín. Èmi arúgbó tó ń gbé Ikpoba Hill lónìí, bí àwọn ọmọ ìjọ bá pè mí wá wo eré wọn, n kì í wo pèpéle. Ojú àwọn onílé tó jókòó síwájú ni mo máa ń wò.