Omi Tí Mo Mu Kí A Tó Wọ Yàrà

Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ afinimọ̀nà, mo ti yí bọ́ọ̀sì onípákó ti Tíṣà, ọ̀gá mi tuntun, po nígbà méje lójú ọ̀nà Pedro ní Èkó. Mo ń ka èrò tí mo ti kà tẹ́lẹ̀. Wọ́n jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo tún wọn kà, wọ́n ṣì jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Láti kékeré ni ara mi kì í ti í lélẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà kọjá àìlélẹ̀ ara. Irọ́ kan ló wà nínú mi tí kò jẹ́ kí n rí ibi jókòó.

Mo ti sọ fún Tíṣà pé ọmọ Òkè-Yàrà ni mí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ọmọ ilé Asọ́yàrà gan-an. Bẹ́ẹ̀ n kò kọjá Ìkòròdú rí láyé mi. Ará etí òkun Oǹdó ni bàbá àti ìyá mi. Ẹja ló gbé wọn dé Bàrígà, ẹja ni wọ́n fi tọ́ mi, bàbá mi sì ti pinnu pé inú ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ ni èmi náà yóò darúgbó sí.

Èmi kò fẹ́. Ẹni tó bá ju àwọ̀n gbọ́dọ̀ lè dúró dè é, èmi kò sì mọ dídúró. Mo sá kúrò lórí ọ̀sà, mo lọ kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Bajuláyé. Títo lẹ́tà ni wọ́n fi mí sí. A ó máa ṣa àwọn lẹ́tà òjé kéékèèké lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó máa tò wọ́n ní ìdàkejì, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ka ìwé nínú dígí. Iṣẹ́ ìjókòó nìyẹn náà. Kò pé ọdún méjì tí ọ̀gá mi fi sọ mí ní Ẹsẹ̀-ò-gbélé.

Ibẹ̀ ni Tíṣà ti bá mi. Ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, ó ń gbé ní Palmgrove, ó sì ti ra bọ́ọ̀sì onípákó kan. Ó ní ojú àwọn ará Èkó ti là jù, wọn kò sì mọ ohun tí baba wọn fi ọwọ́ ara wọn kọ́. Ó fẹ́ máa kó èrò lọ wo àwọn ìlú àtijọ́, kí wọ́n rí ààfin, kí wọ́n rí odi, kí wọ́n rí yàrà jíjìn tí wọ́n gbẹ́ yí ìlú ká nítorí ogun. Wọn ó jáde láàárọ̀, wọn ó dé ní ìrọ̀lẹ́. Ó gbé ìwé ìpolówó rẹ̀ wá kí a bá òun tẹ̀ ẹ́, èmi ni mo sì to lẹ́tà rẹ̀. Gbogbo ìtàn tó wà níbẹ̀ pátá ló wọ̀ mí lórí, ní ìdàkejì.

Ọjọ́ tó wá kó ìwé rẹ̀, ó ń ráhùn. "Mi ò rí ọmọ ìlú Òkè-Yàrà tó máa mú wa wọlé. Àwọn ará ilé Asọ́yàrà ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yàrà láti ayébáyé. Bí àlejò bá kó àlejò lọ, wọn ò ní jẹ́ ká débẹ̀."

Ẹnu mi yá ju orí mi lọ. "Ọmọ ilé Asọ́yàrà ni mí, sà."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "O ò dún bí Ìjẹ̀bú létí mi."

"Bàrígà ni wọ́n bí mi sí, sà."

Òótọ́ kan ṣoṣo tí mo sọ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Báyìí ni mo ṣe fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀. Bàbá mi kò pariwo. Ó kàn ní, "Bánjí, iṣẹ́ kejì lo tún fi sílẹ̀ yìí. Bí ẹlẹ́ẹ̀kẹta bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, àjẹ̀ rẹ wà níbi tó o fi sí." Mo mọ ibi tí àjẹ̀ náà wà. Mo máa ń gba ẹ̀yìn ilé kí n má baà rí i.

Èyí tó wá burú jù ni pé ìyá mi wà nínú bọ́ọ̀sì. Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí iṣẹ́ tó dára ju ẹja lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo ní kó má pè mí lọ́mọ, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé a jọ ti ibì kan wá. Ó wò mí pẹ́, ó ní, "Mi ò ní sọ̀rọ̀. Ojú ni mo fẹ́ fi wò." Ó lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó fi ìborùn bo orí.

Ìdúró ni iṣẹ́ afinimọ̀nà. Wàá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́fà, wàá kẹ̀yìn sọ́nà, wàá kọjú sí èrò, wàá máa sọ̀tàn ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò rí. Tíṣà ti ṣòfin pé ogún ìṣẹ́jú péré ni a ó lò níbi kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ń retí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ní Ṣàgámù, mo sọ̀tàn. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo dúró níwájú ààfin, mo sọ ti ẹnubodè, ti ọjà, ti àwọn oníbodè tó ń gba owó ibodè, láìmí. Bàbá aláṣọ kan tó jókòó níwájú yíjú sí Tíṣà. "Tíṣà, ṣé wọ́n ń lé ọmọ yìí ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n ń lé mi lóòótọ́.

Aago méjì kọjá kí a tó dé Òkè-Yàrà. Mo ti rò ó pé n ó kàn nawọ́ sí ilé kan, n ó ní ilé wa nìyẹn, a ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi yàrà. N kò mọ̀ pé ojú ọ̀nà yàrà ni ilé ọ̀hún jókòó sí gan-an, tí kò sí bí èèyàn ṣe lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń hun apẹ̀rẹ̀ ní ìta béèrè ẹni tí a jẹ́. Tíṣà fi ọ̀yàyà tì mí síwájú. "Ọmọ yín la mú wá o! Ọmọ ilé Asọ́yàrà!"

Ọkùnrin náà ju apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wọlé. Kò pẹ́ tí ìyá àgbà kan fi jáde, ó ń fi ọwọ́ tọ ògiri bọ̀ nítorí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì. Ìyá Asọ́yàrà ni wọ́n ń pè é, obìnrin tó dàgbà jù nínú ilé. Igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún èrò pé àṣà ilé àwọn ni. Ọmọ ilé tó bá ti ìrìn-àjò dé kò gbọ́dọ̀ fojú kan yàrà, kò sì gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni débẹ̀, láìjẹ́ pé ó gba omi lọ́wọ́ Ìyá Asọ́yàrà.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ohun tí wọ́n fi kọ́ mi nílé nìyẹn, bí o bá rí àgbà, dọ̀bálẹ̀.

Ìyá náà dojú kọ ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ṣé Àdìsá ni? Àdìsá ọmọ mi tó lọ sí Èkó?"

Tíṣà wo aago. Èrò méjìdínlọ́gbọ̀n ń wò mí. Mo rí àjẹ̀ mi nílé lójú inú mi kedere. Mo ní, "Ẹ̀n, mà. Èmi ni."

Ó gbé igbá náà fún mi. Omi tútù ni, ó ní òórùn ìkòkò. Mo mu ún. Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan etí mi, ó ní, "Ẹ máa lọ. Ọ̀nà ti là."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré. Àwọn èrò ń bọ̀ lẹ́yìn mi, à ń sọ̀kalẹ̀ gba ọ̀nà tóóró kan. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, gbogbo wọn gbé ojú sókè. Ògiri amọ̀ dìde lọ́tùn-ún àti lósì, ewéko tútù bò ó. Igi ńlá tó hù nínú yàrà kò yọ orí síta. Otútù mú wa lọ́sàn-án gangan. Ọkọ́ lásán ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, tí wọ́n sì ń fi orí ru yẹ̀pẹ̀ gòkè. N kò rí irú rẹ̀ rí, n kò sì lè dúró wò ó. Mo ń lọ sókè sódò.

"Ó yá, Bánjí, máa bá wa sọ̀tàn," Tíṣà wí. "Ogún ìṣẹ́jú."

Mo ya ẹnu. Mo ka èrò, bí mo ti ṣe láàárọ̀. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo tún wọn kà. Ìyá mi kò sọ̀kalẹ̀.

Mo mọ ibi tó wà láìbéèrè. Ojú tì mí débi pé ẹsẹ̀ mi méjèèjì dúró sójú kan, bóyá fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́. Ọmọ ilé yìí kọ́ ni mí. Ọmọ apẹja ni mí, Bàrígà ni ilé wa. Èmi kọ́ ni Àdìsá. N kò mọ Àdìsá."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. "O mú mi purọ́ fún ìyá arúgbó," ó wí jẹ́jẹ́. "Bí a bá dé Pedro, kí n má tún fojú kàn ọ́ mọ́."

Mo gòkè padà, gbogbo wọn tẹ̀ lé mi. Ìyá mi àti Ìyá Asọ́yàrà jókòó sórí pèpéle kan náà, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Igbá wà láàárín wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sì wí tẹnu mi.

Ìyá Asọ́yàrà ní, "Mo ti mọ̀. Ìgbà tó o dọ̀bálẹ̀ ni mo ti mọ̀. Àlejò ló ń kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ nílé yìí. Ọmọ ilé, omi ló kọ́kọ́ ń mu."

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ tún fi béèrè Àdìsá?"

"Bóyá ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ó ti pẹ́ tó ti lọ."

"Kí ló wá dé tí ẹ fún mi lómi?"

"Òǹgbẹ ń gbẹ ọ́. Ọmọ ẹnì kan sáà ni ọ́. Bí Àdìsá bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì níbi tó wà, tó sì ń purọ́ nítorí nǹkan ń ni ín lára, mo fẹ́ kí wọ́n fún un lómi." Ó yíjú sí ìyá mi. "Ìyá rẹ rèé. Nígbà tó o ní ìwọ ni Àdìsá, mo gbọ́ bí ẹnì kan ṣe mí kanlẹ̀."

Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, èmi náà sì sunkún. N kò ní purọ́, mo ti pa ti ọjọ́ yẹn tán.

Tíṣà wá tọrọ àforíjì, ó ní òun ti lé mi níṣẹ́. Ìyá àgbà náà mi orí. "Ẹ má lé e. Ẹ ṣì fẹ́ máa kó èrò wá, àbí? Òun nìkan ni n ó la ọ̀nà yàrà fún. Òpùrọ́ tó jẹ́wọ́ nínú yàrà kò ní lè tún parọ́ níbẹ̀." Tíṣà wo aago ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Ó ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Bí mo ṣe di afinimọ̀nà nìyẹn. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ó lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìyá mi a di ẹja yíyan fún mi kí n fún "ọ̀rẹ́ òun", gààrí a sì tẹ̀ lé mi bọ̀. Mo wá Àdìsá kiri Èkó, láti Ṣómólú dé etí ọ̀sà. Mo rí Àdìsá mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fẹ́ bá mi jà. Kò sí èyí tó jẹ́ òun. Ìyá Asọ́yàrà kò béèrè lẹ́ẹ̀kan rí. Bí mo bá ti dé, n ó kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, n ó wá gba omi. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. "Ìgbà wo lo máa ṣíwọ́ àlejò ṣíṣe?"

"Tí Àdìsá bá dé ni, mà."

"Ẹ̀yin méjèèjì ò yára," á wí.

Lọ́dún kẹfà, a dé Òkè-Yàrà lẹ́yìn òjò gígùn. Tíṣà ti darúgbó, ó jókòó sílé ní Palmgrove, èmi nìkan ni mo kó èrò lọ. Obìnrin mìíràn ló gbé igbá jáde. Ó ní wọ́n ti sin ìyá náà láti oṣù méjì, wọn kò sì mọ ibi tí wọn ó ránṣẹ́ sí mi ní Èkó. Àdìsá kò dé. Obìnrin tuntun náà kò mọ̀ mí. Èrò ọgbọ̀n wà lẹ́yìn mi, wọ́n ń dúró. Ó béèrè pé, "Ọmọ ilé ni, àbí àlejò?"

Èmi tí n kì í dúró, mo dúró. Mo nawọ́ gba igbá, mo mu omi náà tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ni mo wá dọ̀bálẹ̀.