Òkúta Tí Mo Fi Há Táyà

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn àgbà ìjọ wa jáde kúrò ní New York ni ojú tì mí jù lọ lẹ́nu iṣẹ́ awakọ̀. Co-op City, àdúgbò kan níbẹ̀, ni mo ti kó wọn. A ń lọ wo àwọn òkúta àtijọ́ kan tí wọ́n tò róbótó sórí òkè ní ìgbèríko.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibi tí a gbé ọkọ̀ sí. Láti ìgbà tí mo ti ń wakọ̀ akẹ́rù n'Íbàdàn, n kì í fọkàn tán bíréèkì nìkan níbi tó bá rí bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ wá wẹ́ẹ̀jì, ìyẹn igi tàbí òkúta tí à ń fi há táyà kí ọkọ̀ má baà yọ́ lọ. Bí àwọn àgbà ṣe lọ tọ̀, mo gun òkè díẹ̀, mo rí òkúta kan nínú koríko, ó tẹ́jú lápá kan bí ẹni pé nítorí táyà mi ni wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Mo hú u, mo fi há a. Inú ara mi dùn.

Bàbá kan, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà, ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ó ní àwọn baba ńlá òun ló to àwọn òkúta náà, àti pé ìdílé òun ṣì ń wá gbàdúrà níbẹ̀. Ó ń mú wa yípo, àfi bó ṣe dúró lójijì níwájú ihò kan tí erùpẹ̀ rẹ̀ ṣì tutù.

"Ta ló mú òkúta ibí yìí?"

Ìyá Fúnkẹ́, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, wo ọwọ́ mi tí erùpẹ̀ wà. "Délé, don't tell me."

"Ẹ má bínú, mà. Táyà ni mo fi há."

"Jésù! Òkúta tí wọ́n fi ń gbàdúrà? Oyá, go and bring it!"

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ọkọ̀, bàbá náà ò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, òun sì kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó yọ ọ́, ó fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nù ún. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ṣe mí bíi kó jágbe.

Ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé irú nǹkan báyìí ò sí nílùú yín ni?"

Òkúta kan wà lẹ́nu ọ̀nà agboolé wa tí bàbá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé. Mo ti gba ìgbátí nítorí rẹ̀ rí. Ó wù mí kí n purọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀.

"Ó wà, sà."

Ó mi orí, ó gbé òkúta rẹ̀, ó gun òkè lọ. Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá kó sínú rẹ̀.

Igi ni mò ń gbé kiri báyìí. Àwọn awakọ̀ tuntun tí mò ń kọ́ níṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀, mo sì máa ń sọ ti òkúta fún wọn, kí a jọ rẹ́rìn-ín. Èsì tí mo fún bàbá náà ni n kì í sọ.