Òróró Àgbọn Inú Ìgò Òkun

Inú oṣù kìn-ín-ní ni, ọyẹ́ sì mú gan-an. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ọmọ mi obìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Karmo, ní Abuja, kó ìgò oníke méjìlá sórí tábìlì ìjẹun, ó ní òun fẹ́ fi wọ́n ṣe òkun. Mo ní òkun ta ni? Ó ní ti àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi òun.

Ilé ìwé kan ní Maitama ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin. Kò tíì di tiwọn pátápátá nígbà náà. Wọ́n ní kó wá ṣe oṣù mẹ́ta ná, kí àwọn fi wo ọwọ́ rẹ̀, oṣù mẹ́ta yẹn sì ti ku ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kejì, Mọ́ńdè, ọ̀gá ilé ìwé fúnra rẹ̀ máa wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo bó ṣe ń kọ́ wọn. Ohun tó bá rí lọ́jọ́ náà ló máa fi mọ̀ bóyá wọ́n á gbà á, tàbí kó máa lọ sílé. Kó tó rí ibẹ̀, ọdún méjì ló fi jókòó láìníṣẹ́. Mo mọ bí ọdún méjì yẹn ṣe rí nítorí pé èmi àti ẹ̀ la jọ jókòó. Ilé tó ti gbá ní àárọ̀, á tún un gbá lọ́sàn-án.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìgò náà nìyí. Wọ́n á bu omi sí i dé ìdajì, wọ́n á kán àwọ̀ búlúù tí àwọn oníkéèkì ń lò sí i. Wọ́n á wá da òróró tó mọ́ gaara lé e lórí títí á fi kún. Òróró àti omi ò ní dàpọ̀, ọ̀dọ̀ omi sì ni àwọ̀ náà á dúró sí. Wọ́n á sọ àwọn ẹja oníke kéékèèké sí i, àti ìkarahun, àti nǹkan wínníwínní kan tó ń dán. Wọ́n á dé e, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù líle lẹ ìdérí rẹ̀ pa, kí ọmọ kankan má bàa ṣí i kó gbé ẹja mì. Tí ọmọ bá ń ké, tàbí tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ jà, wọ́n á fún un ní ìgò náà. Á dà á síwá, á dà á sẹ́yìn, ìgbì á máa lọ, á máa bọ̀, òun náà á sì rọra dákẹ́. Mo ní nígbà tiwa, ọmọ tó bá ń ké, ẹ̀yìn là ń pọ̀n ọ́n sí.

Ó ní, "Màámi, àwọn méjìlá ni wọ́n. Ẹ̀yìn mélòó ni mo ní?"

Etí òkun ni wọ́n bí mi sí, lọ́nà Àgbádárìgì. Òkun tí mo mọ̀ kì í ṣe búlúù lọ títí. Nígbà òjò, ó máa ń dà bí omi tí wọ́n ti fọ aṣọ tán nínú rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó ní búlúù ló wà nínú ìwé àwọn ọmọ náà. Èyí tó bá dàgbà nínú wọn á lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Òróró ìpara ọmọ jòjòló ló rà fún iṣẹ́ náà. Ìgò mẹ́rin péré ló kún, òróró tán. Ó dìde pé òun ń lọ rà sí i. Mo ní kí ló fẹ́ rà á fún, nígbà tí gálọ́ọ̀nù òróró àgbọn mi wà nínú ilé?

Láti ìgbà ọmọge ni mo ti ń ṣe òróró àgbọn. A ó ha àgbọn, a ó fún wàrà rẹ̀, a ó gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ó bu èyí tó léfòó, a ó sì sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ. Èyí tí mo gbé wá sí Abuja mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí o fi lè ka ìwé láti òdìkejì rẹ̀, bí o bá mọ ìwé kà. Ọmọ mi gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. "Ó mọ́ ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ o," ló wí. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á sínú ìgò mẹ́jọ tó kù. Ó lẹ gbogbo wọn pa, a sì tò wọ́n sójú fèrèsé pálọ̀.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mi ò tíì wẹ̀ tán tí mo fi gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màámi! Màámi o! Kí lẹ rọ sínú ìgò yìí?"

"Ohun tí o rí tí mo rọ síbẹ̀ ni."

Mo jáde. Ìgò mẹ́jọ ti funfun láti ọrùn dé àárín. Òróró mi ti dì. Àwọn ẹja há sínú rẹ̀ bí ẹja inú ọbẹ̀ àná, òmíràn dorí kodò. Ìgò mẹ́rin ti òróró ọmọ jòjòló wà níbẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n.

"Ẹ ti sọ òkun mi di ẹ̀kọ tútù," ó ní. Kò rẹ́rìn-ín.

Létí òkun lọ́dọ̀ wa, òróró àgbọn kì í sábà dì. Bó tilẹ̀ dì nígbà ọyẹ́, kí èèyàn tó fọ ẹnu tán, ó ti yọ́. Ní Abuja, ẹ̀gbẹ́ gáàsì ni mo ń gbé gálọ́ọ̀nù mi sí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi rí i kó dì rí. Ọyẹ́ ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Àgbádárìgì. Orúnkún mi ń sọ ìyẹn fún mi láràárọ̀, ṣùgbọ́n mi ò ronú kan òróró.

Kò ṣeé ṣí, gọ́ọ̀mù ti gan. Ó sọ ọ̀kan sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí gáàsì, ìgò náà sún kì, ó ká wọnú ara rẹ̀. Ó ku méje. Mo ní omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni ká lò. Ó ní àsìkò dà? Mo bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú kúlà tí a fi ń gbé ìrẹsì, mo to méjèèje sí i, mo sì dé e.

"Ó yá, ká lọ. Á máa yọ́ lọ́nà."

"Àwa wo, Màámi?"

"Ta ló máa gbé kúlà? Ṣé ìwọ tí o gbé báàgì mẹ́ta?"

Hausa ni awakọ̀ tó gbé wa, ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Ó ń fi dígí wo kúlà tó wà láàárín ẹsẹ̀ mi.

"Sànnu, Màmá. Oúnjẹ ni?"

"Ẹja ni."

"Yauwa! Ó ṣì wà láàyè?"

"Kò wà láàyè rí."

"Kai!" ó ní. Kò tún bi mí ní nǹkan kan títí a fi dé Maitama. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín síyẹn náà. Ìka kan ló ń fi họ ìka kejì.

Nígbà tí a ṣí kúlà, omi ti tutù. Mẹ́rin ti yọ́, mẹ́ta ò yọ́. Ó to èyí tó dára sórí tábìlì àwọn ọmọ, mẹ́jọ ni gbogbo rẹ̀, ó sì fi mẹ́ta pa mọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n má sọ nǹkan kan. Àga ọmọdé ni wọ́n fún mi, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

Ọ̀gá ilé ìwé wọlé, ó jókòó sẹ́yìn, ó ṣí ìwé rẹ̀. Òyìnbó ni gbogbo wọn ń sọ. Ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Èyí tí mi ò gbọ́, ọmọ mi ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi tó yá.

Ọmọ méjìlá, ìgò mẹ́jọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọmọbìnrin kan tí kò rí gbà rọra yí kọ́bọ́ọ̀dù po, ó sì padà wá pẹ̀lú ìgò funfun kan, ó gbá a mọ́ àyà. Ọ̀gá gbé bírò rẹ̀ sókè. Ọmọ mi dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ló lóṣòó síwájú ọmọ náà, ó kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n yí ìgò náà ká. Ó ní òkun yìí ń sùn, òtútù ló mú un, ọwọ́ wọn ló máa jí i.

Ó lọ kó méjì tó kù wá. Àwọn ọmọ fi ìgò búlúù sílẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ló bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ lórí ọwọ́. Ariwo lọ sílẹ̀ pátápátá. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni funfun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ létí ìgò, ẹja kan sì ṣí kúrò níbi tó há sí. Wọ́n figbe ta. Ọ̀gá ti dìde, òun náà ti gbé ọwọ́ lé ọ̀kan.

Nígbà tó ń jáde, ó dúró tì mí. Yorùbá ló bọ́ sí, ohùn Ìjẹ̀bú ló fi ń sọ ọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Màmá. Ẹ̀yin lẹ bí tíṣà wa?"

"Èmi ni."

"Ẹ kú iṣẹ́. Òkun tó dì yẹn, ṣé ó ti pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, àbí ó kàn ṣẹlẹ̀?"

Ọmọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wò mí. Mi ò fẹ́ purọ́, mi ò sì fẹ́ ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́.

Mo ní, "Òun ni tíṣà. Èmi, òróró ni mo mú wá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ mi ní, "Màámi, ẹ ò jẹ́ kí ojú tì mí."

Mo ní, "Ojú tó tì mí láàárọ̀ tó àwa méjèèjì."

Lọ́jọ́ Fúráídè, lẹ́tà dé. Wọ́n gbà á. Wọ́n tún ní kó fi bó ṣe ṣe é han àwọn tíṣà yòókù. Ó sọ fún wọn pé òróró àgbọn ni, kò sọ bí òróró àgbọn ṣe débẹ̀.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọ́kọ́ bi ìyá rẹ̀, ìyẹn tíṣà náà, bóyá kí n sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó ronú sí i. Ó ní kí n máa sọ ọ́, òun ti pẹ́ níbẹ̀ tó. Ó ní kí n má ṣáà dárúkọ ilé ìwé.