Àgbà Tí Mo Pa Rẹ́

Òórùn eruku gbígbóná ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì wa ní Àkúrẹ́. Ẹyọ kan ṣoṣo ni, àwa mẹ́sàn-án la sì ń lò ó. Ọdún le nígbà náà. Iná ọba kì í dé kó pẹ́, epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n bí ojú, yíǹkì ìtẹ̀wé ti tán tipẹ́, díìsìkì tí èèyàn ìbá fi kó iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ sì ti di ohun tí à ń bẹ ara wa fún. Nítorí náà, inú ikùn ẹ̀rọ kan yẹn ni gbogbo wa ń di ẹrù sí: lẹ́tà ìjọba, ètò ìsìn ìgbéyàwó, àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́ ìlú. Kò sẹ́ni tó ń kó tirẹ̀ kúrò. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó gun òkè, bí a bá sì fẹ́ tọ́jú lẹ́tà tuntun, á ní kò sáàyè.

Èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó rẹ̀, torí pé mo lọ kọ́ nípa rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn tó láti mú mi máa rìn bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Mo lẹ ìwé ìkìlọ̀ mọ́ ògiri, kò sẹ́ni tó kà á. Mo fẹnu sọ ọ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Ìyá mi máa ń sọ pé bí ilé bá jẹ́ ti gbogbo wa, ìgbálẹ̀ a di ti ẹnìkejì. Ọ̀gá wa gan-an lẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, ta ni yóò sì sọ fún ọ̀gá pé pàǹtí ni lẹ́tà rẹ̀?

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo ní ẹnikẹ́ni tí fáìlì rẹ̀ bá ti gbó, kó kọ “Àgbà” síwájú orúkọ fáìlì náà. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, èmi á sin àwọn àgbà náà lọ sílé, ìyẹn ni pé màá pa wọ́n rẹ́. Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, “O gbọ́n o. Ṣùgbọ́n rántí pé ìwọ náà ń dàgbà bọ̀.” Ìyìn ni mo kà á sí.

Akọ̀wé obìnrin kan wà láàárín wa, ọmọ Oǹdó, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ, Àǹtí ni mo ń pè é. Kò sí lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí mo ṣòfin mi. Wọ́n ti ránṣẹ́ pè é nílé pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí láti sọ òfin náà fún un.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo jókòó síwájú ẹ̀rọ bí olórí ìsìnkú. Àgbà pọ̀ lóòótọ́. Ọ̀kan ń jẹ́ “Àgbà Ilé Wa”. Mo ṣí i wò, ẹ bá mi ka ìyẹn sí rere. Oǹdó gidi ni wọ́n fi kọ ọ́, kọ̀ǹpútà tó jẹ́ pé èdè òyìnbó nìkan ló gbọ́ sì ti fi ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ látòkè délẹ̀. Èmi ọmọ Àkúrẹ́ ka ìlà méjì, n kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Mo ní ẹni tó ń kọ́ títẹ̀ ló ń tẹ ìtẹ̀kutẹ̀. Mo pa á rẹ́, mo sì tún kó àkìtàn ẹ̀rọ náà dànù, níbi tí ohun tí a pa rẹ́ ti ń dúró, kó má bàa ku nǹkan kan. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀. Inú mi dùn.

Ọjọ́ Ajé kejì ni Àǹtí padà dé. Ó jókòó, ó wá a títí. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ò ga.

“Àbúrò, ìwé ìyá mi dà?”

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ìyá rẹ̀ nìkan ló kù nílé wọn tó mọ oríkì ìdílé náà tán, àti pé ní ìparí ọ̀sẹ̀ tó bá lọ sílé ló ń gbà á sílẹ̀ lẹ́nu ìyá, díẹ̀díẹ̀. Ìwé tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sí, ó ti jẹ́ kí wọ́n fi dáná, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kọ̀ǹpútà kì í gbàgbé. Ní báyìí, ìyá ò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

“Ìyá mi ni à ń pè ní Àgbà Ilé Wa,” ó ní. “Ṣé o rò pé mo kọ ọ́ kí o lè gbé e sọnù ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àga méjì. Kò bú mi. Èébú ìbá sàn.

“Dìde. Lọ́jọ́ Sátidé, wàá bá mi lọ sí Oǹdó. Ìwọ lo máa di bírò mú.”

Ìyá náà jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í ka èyí tó rántí. Bó bá gbà á, ọwọ́ òsì ìyá á sinmi lórí itan rẹ̀. Bó bá ṣì í, ìyá á fi ìka kan igi àga, kó, kó, kó. Báyìí la ṣe ń lọ. Ó dé ibi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní ọmọ onílé tí kì í tilẹ̀kùn, ọwọ́ ìyá sinmi. Èyí tó kàn kò wá. Àǹtí dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, ìka ń kan igi. Ìyá la ẹnu, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn ò jáde. Omi ló bọ́ lójú rẹ̀.

“Fi àlàfo síbẹ̀,” Àǹtí sọ fún mi.

Àlàfo mẹ́rin ni mo fi sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a parí, ìyá tẹjú mọ́ mi, ó sì wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè.

“Òun ló ń bá wa kọ ọ́, Màmá,” ni Àǹtí fi dá a lóhùn. Kò fi kún un. Ìyá fi ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un súre fún mi, mo sì gba ìre náà pẹ̀lú ìtìjú. Kò lo ọdún náà já.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí fóònù mi bá ní ó ti kún, kí n pa nǹkan rẹ́, ọwọ́ mi kì í yá. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, Àǹtí pè mí síbi ìpàdé ẹbí wọn ní Oǹdó. Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin dìde ka oríkì ilé. Ọmọ náà kà á geere títí ó fi dé ọmọ onílé tí kì í tilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ló ti dákẹ́. Mo rò pé ó gbàgbé ni, àṣé bẹ́ẹ̀ kọ́: ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó fi ìka kan igi àga níwájú rẹ̀, ó sì ń bá a lọ. Gbogbo àwọn ọmọ tó kù ń kan tiwọn pẹ̀lú rẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Wọ́n gbà pé ara oríkì ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn, pé àwọn baba ńlá ló fi í síbẹ̀.

Àǹtí ò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo tẹrí ba, mo ń ka àlàfo náà bí ó ti ń kọjá, títí ó fi pé mẹ́rin.