Ẹ Dárúkọ Ọmọ Yín àti Kíláàsì Rẹ̀

Ní ìpàdé òbí ní ilé-ìwé ọmọ mi, ẹnìkan kì í ṣàdédé sọ̀rọ̀. Wàá kọ́kọ́ dìde, wàá dárúkọ ọmọ rẹ, wàá sọ kíláàsì tó wà, ìgbà yẹn ni Alága yóò tó mi orí pé kí o máa wí. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì kan kíláàsì ọmọ rẹ, yóò ní kí o jókòó. Wọ́n ní ohun tó fa òfin yìí ni pé nígbà kan rí, àwọn tí kò bímọ sí ilé-ìwé náà máa ń wá síbẹ̀ torí ìpápánu, wọ́n á jẹ tán, wọ́n á tún dá ìjà sílẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn mọ iṣẹ́ tí òfin náà ń ṣe. Ó ń jẹ́ kí ìyá rántí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà kó tó la ẹnu.

Ilé-ìwé ìjọba ni, alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ní àdúgbò kan láàrin Muṣin àti Ìdí-Àràbà. Aṣọ nọ́ọ̀sì ni mò ń rán, ṣọ́ọ̀bù mi kò sì jìnnà síbẹ̀. Bí wọ́n bá lu aago ìsinmi, mò ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ láti ìdí ẹ̀rọ mi. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni mo bí. Mo mọ̀ pé ohùn rẹ̀ wà nínú ariwo náà, bí mi ò tilẹ̀ lè yà á sọ́tọ̀, èyí sì máa ń tù mí lára.

Ọdún tó wọ Prámárì Fáìfù ni àwọn ará ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ géètì sí ilé-ìwé náà. Ẹ má rò pé géètì lásán ni. Ó ní òrùlé tiẹ̀, ó ní òpó ńláńlá tí wọ́n fi táìsì bò, ó fẹ̀ débi pé ọkọ̀ méjì lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ní ilé-ìwé tí ọ̀gá àgbà gan-an ń wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ya àwòrán ọmọ méjì tó ń rẹ́rìn-ín sí i lára. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, èmi náà pàtẹ́wọ́. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà yẹn ni mò ń tú irun orí ọmọ mi lọ́jọ́ kan, tó ní, "Mọ́mì, a ní ATM ní kíláàsì wa."

Mo ní báwo.

"Ògiri ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mi ni. A máa ń ti bébà bọ̀ ọ́, ẹni tó bá wà níta lẹ́yìn kíláàsì á wá fà á jáde."

Mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó gbọ́ ohun tó sọ yé. Ọwọ́ mi wá dúró sínú irun rẹ̀. Mo ní, "Bébà náà ń jáde síta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Rúlà náà ń jáde. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi sì ti ń wọ̀ ọ́, títí dé ibí." Ó fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ hàn mí.

Ọ̀rẹ́ tó ń wí yìí, ọmọ onídìrí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kangun sí tèmi ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ̀ lé ọmọ mi dé kíláàsì. Ògiri náà ti là láti igun fèrèsé wá sí ilẹ̀, ó sì ti tẹ̀ wá sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Mo fọwọ́ kàn án, iyanrìn dà sí mi lọ́wọ́. Bẹ́ńṣì ọmọ mi ló sún mọ́ ọn jù. Ní Èkó níbí, ilé a máa wó. Kò sí ẹni tó ń gbé Muṣin tí kò tíì bá èrò dúró níwájú àlàpà rí, kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè pé ta ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà débi pé mi ò lè rán aṣọ kan tọ́.

Bàbá rẹ̀ ní kí n lọ sí ìpàdé, kí n fara balẹ̀ gbọ́, kí n má sọ nǹkan kan. Ó ní, "Ẹni tí ọmọ ẹni wà lọ́wọ́ ẹ̀, a kì í bá a jà."

Mo lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó wọ káfútàánì funfun, bàtà rẹ̀ ń dán. Wọ́n gbàdúrà ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbàdúrà ti mọ́sálááṣí. Alága, bàbá àgbà kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà ní ilé-ìwé náà, ní kí gbogbo wa dìde kí a dúpẹ́ fún géètì. A dìde, a dúpẹ́. Nígbà tí a jókòó, ó ní ta ló ní ọ̀rọ̀. Mo rí ọwọ́ kan tó gòkè, tèmi ni.

"Orúkọ ọmọ yín àti kíláàsì ẹ̀?"

Mo dárúkọ ọmọ mi, mo ní Fáìfù B ló wà. Orúkọ tí mo fi ń jí i láràárọ̀ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó rí lára mi bíi pé mo bọ́ aṣọ lọ́rùn ọmọ náà láàrin èrò.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Géètì yẹn dáa. Ṣùgbọ́n ògiri Fáìfù B ti là, ó sì ń tẹ̀ bọ̀ sórí àwọn ọmọ. Ta ló pinnu pé géètì ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe? Ìgbà wo ló máa wá kan ògiri?"

Ọ̀gbẹ́ni náà rẹ́rìn-ín sí mi. "Ẹ ṣeun, Mọ́mì. Ìbéèrè tó dáa ni. Owó tí wọ́n bá ní ká fi ṣe géètì, géètì la gbọ́dọ̀ fi ṣe. Ti ògiri ń bọ̀." Ló bá fa bíìrò yọ lápò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún orúkọ ọmọ yẹn pè."

Mo tún un pè. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rín kò sì kúrò lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo gbé lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà, bí ariwo ìsinmi bá pẹ́ díẹ̀ kó tó dún, màá fi ẹ̀rọ sílẹ̀, màá lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, mi ò ní bi í pé kí ló kọ́. Ohun tí mò ń bi í ni pé ta ló pè é jáde, ta ló nà án, kí ni wọ́n ní kó sọ. Ọ̀rọ̀ mi sú u. Mo bínú sí ara mi pé mo jẹ́ kí ọmọ mi di àmì láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo bínú sí Alága pẹ̀lú, àti sí òfin rẹ̀, àti sí gbogbo ẹni tó jókòó tí kò wí nǹkan kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. "Mọ́mì, wọ́n ti yí kíláàsì mi padà. Ọ̀gbẹ́ni oníkáfútàánì yẹn bá H.M. wá. Wọ́n ní kí n gbé báàgì mi lọ sí Fáìfù A, ní ilé tuntun. Fáànù wà níbẹ̀."

Ayọ̀ tó bá mi kọjá àfẹnusọ. Mo gbá a mọ́ra títí ó fi ní òun ò lè mí. Mo ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn fún un, mo ń wò ó bó ṣe ń jẹun, mo ń rò ó pé ìbéèrè mi ti so èso. Ó jẹ ẹ́ dé àárín, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi ló wà ní ìjókòó mi báyìí. Òun ló ń ṣọ́ ATM." Ó tún ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n ti tún ògiri náà ṣe ni?"

Mo ní kó máa jẹun.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a tún ṣe ìpàdé. Mo na ọwọ́ sókè. Alága ní orúkọ ọmọ yín àti kíláàsì ẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀, mo ní Fáìfù A.

"Ògiri Fáìfù A là ni?"

"Rárá, sà. Ti Fáìfù B ni mo fẹ́..."

"Ẹ jókòó, ìyá wa. Wọ́n ti ṣe tiyín. Ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́..." Kò parí rẹ̀. Àwọn kan bá a parí ẹ̀ lábẹ́nú, wọ́n ń wò mí bí olè.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Wọ́n gbé ọmọ mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n sì fi gba ẹnu mi. Mo wo onídìrí tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó jẹ́ pé òun ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ó dorí kodò, ó ń yọ òwú ìdìrí kúrò lára síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Nígbà tí a jáde, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Tiyín ti bọ́. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ṣé àyè míì ṣì wà ní Fáìfù A ni? Wọ́n á kàn lé ọmọ mi ni. Ẹ sì mọ bí mo ṣe bẹ̀bẹ̀ tó kí wọ́n tó gbà á sí ilé-ìwé yẹn."

Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni ó bà mí lẹ́rù tẹ́lẹ̀.

Òjò kan wá rọ̀ láàárọ̀, òjò tó ń lu páànù bí ẹni ń da òkúta. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ. Ọmọ mi wà nínú ilé tuntun, síbẹ̀ mo dá ẹ̀rọ dúró. Mo ń tẹ́tí bóyá mo máa gbọ́ igbe. Onídìrí wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, kò ní oníbàárà kankan, òun náà ń tẹ́tí. A ò wo ojú ara wa. Níbẹ̀ ni èrò kan ti wá sí mi lọ́kàn: bí ọmọ mi bá padà sí Fáìfù B, màá tún ní ẹnu. Èrò náà bà mí lẹ́rù ju ògiri lọ. Mi ò sọ fún bàbá rẹ̀. Bí òjò ṣe dá, mo lọ bá ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Mà, mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá ọmọ mi padà sí Fáìfù B."

"Kí ló dé? Ṣé wọ́n nà án ní Fáìfù A ni?"

"Rárá, Mà. Ìjókòó ẹ̀ àtijọ́ ni mo fẹ́. Ti ẹ̀gbẹ́ ògiri."

Ó tẹjú mọ́ mi. "Ìyá wa, ṣé ara yín yá ṣá? Nínú òjò yìí, kí n gbé ọmọ yín padà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn? Tó bá wó lé e lórí ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kó tó mọ̀. Àwa méjèèjì gbọ́ ọ.

Mo ní, "Ta ló jókòó síbẹ̀ báyìí, Mà?"

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún, ó ń nù ún ṣáá. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Mo ti sọ fún wọn títí. Wọ́n ní tí n bá tún sọ ọ́, àwọn á gbé mi lọ sí erékùṣù kan, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni mo máa máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù omi sì ń bà mí láti kékeré."

Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba ọ̀gá àgbà. Mo ní, "Ẹ̀rù ń ba èmi náà, Mà." Mo dìde, mo lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ọmọ mi sáré wọ abẹ́ géètì torí pé òjò tún ti dé. A bá Fáìfù B níbẹ̀, gbogbo wọn. Wọ́n ti to bẹ́ńṣì sáàárín àwọn òpó, wọ́n gbé pátákó ti táìsì, àwọn ọmọ sì ń kọ ìsọdipúpọ̀ lábẹ́ àwòrán àwọn ọmọ méjì tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ di ẹ̀gbẹ́ kan bẹ́ńṣì tó kẹ́yìn mú, olùkọ́ di èkejì. Ọmọ onídìrí juwọ́ sí wa. Ọkọ̀ kan dé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ó fọn fèrè títí, kò rí ọ̀nà wọlé. Ọ̀gá àgbà kò wẹ̀yìn.

Sáà kò tíì parí tí wọ́n fi gbé e lọ sí erékùṣù yẹn. Mo gbọ́ pé bí ọkọ̀ ojú omi bá ti gbéra, ó máa ń dijú títí wọn ó fi gúnlẹ̀.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá àgbà tuntun ló jókòó níwájú, pẹ̀lú ọ̀gbẹ́ni oníkáfútàánì. Ọ̀gá àgbà náà ní àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ géètì ń ba ẹwà ilé-ìwé jẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ padà sí kíláàsì wọn lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Alága ní ta ló ní ọ̀rọ̀. Mo di ọwọ́ mi mọ́ itan, nítorí Fáìfù A ni ọmọ mi ṣì wà, ẹnu mi kò sí níbẹ̀ mọ́.

Bẹ́ńṣì tí mo jókòó lé mì. Onídìrí ti dìde.

"Orúkọ ọmọ yín àti kíláàsì ẹ̀?"

Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dé ọ̀dọ̀ Alága.

"Kíláàsì ńkọ́?"

"Abẹ́ géètì, sà."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni náà fa bíìrò rẹ̀ yọ, ó ní, "Ẹ bá mi tún orúkọ ọmọ yẹn pè."

Onídìrí wá ọwọ́ mi kàn, tirẹ̀ tutù bí omi ìkòkò. Ẹ̀rù bà mí nítorí ọmọ rẹ̀ débi pé mi ò lè gbójú sókè. Ó tún orúkọ náà pè, ó fi ti bàbá ọmọ kún un, ó sì rọra pè é, kí ẹni tó ń kọ ọ́ má baà ṣì í kọ.